Abẹ Àwọn Ọkùnrin Tí Mi Ò Mọ̀

Nínú gbogbo ohun tí mo rò pé màá kọ́ tí mo bá dé Èkó, Yorùbá kò sí níbẹ̀. Kétu ni wọ́n bí mi sí, Kétu tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Faransé nígbà tí àwọn òyìnbó ń fa ààlà sáàárín wa. Yorùbá la fi ń sùn nílé wa, òun náà la fi ń jí. Iléèwé nìkan la ti ń sọ Faransé, ìyẹn náà nítorí kí tíṣà má baà nà wá. Nígbà tí mò ń palẹ̀ mọ́, mo sọ fún ìyá mi pé kó fọkàn balẹ̀, pé kì í ṣe ìlú òyìnbó ni mò ń lọ, àárín àwọn èèyàn wa ni. Ìyá mi ní, "Ó dáa. Àwọn èèyàn wa." Bàbá mi jókòó síwájú ilé, ó ń pọ́n abẹ rẹ̀ lára awọ, lọ sókè, bọ̀ nísàlẹ̀, bí ẹni tí kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ń lọ síbì kankan.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jí sí Ṣógúnlé, mo gbé garawa lọ síbi ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn ilé. Àwọn obìnrin ti tò síbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn bí a ṣe ń kí àgbà ní Kétu, mo sì béèrè ẹni tó kẹ́yìn. Wọ́n kọ́kọ́ wo ara wọn ná. Ìyá Ríṣí, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, ló bú sẹ́rìn-ín.

"Àgànyìn ni ẹ́, àbí?"

"Rárá o, mà. Yorùbá ni mí."

"Yorùbá ibo?"

"Kétu, mà."

"Kétu ti Máìlì Tuẹ́fù, níbi tí a ti ń ra tòmátì? Wọn kì í sọ̀rọ̀ báyìí níbẹ̀ o."

Mo ní kì í ṣe ìyẹn, pé Kétu gan-an ni, èyí tí ìyẹn ti gba orúkọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan nínú wọn ní láti sọ garawa rẹ̀ kalẹ̀. Inú wọn kò burú. Nígbà tó yá ni mo wá mọ̀ pé inú wọn kò burú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di Àǹtí Kútọnu nínú ilé náà, èmi tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dé Kútọnu rí láyé mi, nígbà tí ojú ń dun ìyá mi.

Ẹni tó bá lọ sí ìlú tí kò gbọ́ èdè wọn ní àwíjàre. Bó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n á ní àlejò ni. Èmi kò ní àwíjàre kankan. Ohun tí mò ń sọ yé wọn, ó kàn ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni. Mo wá ń ro gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lanu, nígbà tí mo bá sì fi máa rò ó tán, wọ́n á ti gba orí ọ̀rọ̀ mìíràn lọ. Bí mo ṣe di ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ní Kétu, aláròyé ni wọ́n ń pè mí.

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí, ilé iṣẹ́ oníke kan ní Ìsọlọ̀ ni. Ìdérí ìgò ni ẹ̀rọ ń pọ̀ jáde, àwa á máa kó o sínú àpò. Ariwo ẹ̀rọ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ọwọ́ la fi ń bára wa sọ̀rọ̀, ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ìgbà tí a bá jáde fún oúnjẹ ọ̀sán ni ìṣòro máa ń dé. Àwọn ará Ìsẹ́yìn á jókòó pọ̀, àwọn ará Ìwó á jókòó pọ̀, wọ́n á máa fi ìlú ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi á gbé abọ́ mi lọ síbi ògiri tó kọjú sí títì, màá máa wo àwọn tírélà tó ń wọlé, eruku wọn á sì máa bà lé oúnjẹ mi.

Ọjọ́ kan wà tí mò ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ọkùnrin kan dá mi dúró, ó béèrè ibi tó ti máa rí ọkọ̀ Àgọ́ Palace. Mo júwe fún un. "Tẹ́ ẹ bá dé iwájú yẹn, kẹ́ ẹ sọdá, ẹ máa rí wọn níbẹ̀." Ó ní, "Ẹ ṣé, àǹtí mi," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Kò bi mí pé níbo ni mo ti wá. Inú mi dùn débi pé mò ń dá rẹ́rìn-ín lójú títì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé tí mo ṣílẹ̀kùn yàrá, ayọ̀ yẹn ti yí padà. Ohùn tí mo fi dá ọkùnrin yẹn lóhùn, bí ìyá mi bá gbọ́ ọ nínú òkùnkùn, kò ní mọ̀ pé èmi ni.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ilé. Ìyá mi ló máa ń gbé e. Ṣé mo jẹun? Mo jẹun. Ṣé ara le? Ara le. Òjò ńkọ́? Ó ń rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn a máa dákẹ́, màá máa gbọ́ àwọn adìyẹ tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀, àti ìró abẹ tó ń lọ tó ń bọ̀ lára awọ. Bàbá mi wà nítòsí nìyẹn. Onígbàjámọ̀ ni. Òun ló fá orí ọ̀pọ̀ àwọn tó ti di bàbá àgbà báyìí ládùúgbò wa nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́. Èmi nìkan lọmọ tó dúró fún wọn, nítorí náà èmi ni mo máa ń di abọ́ omi mú fún un nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo sì máa ń bá a nu abẹ.

Kò fẹ́ kí n lọ. Ó sọ fún mi pé ẹni tó bá kúrò níbi tí wọ́n ti mọ baba rẹ̀, tó lọ síbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di ọmọ òrukàn. Mo ní iṣẹ́ kò sí ní Kétu. Láti ìgbà tí mo sì ti dé Èkó, kò bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Màá ní, "Ẹ fún Bàbá." Ìyá mi á gbé fóònù jìnnà sẹ́nu, màá máa gbọ́ bó ṣe ń bẹ̀ ẹ́ wúyẹ́wúyẹ́. Lẹ́yìn náà á ní, "Bàbá rẹ ní òun ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́."

Nígbà tí ilé iṣẹ́ oníke náà dín èèyàn kù, àwa tá a dé kẹ́yìn la kọ́kọ́ jáde. Mo wọ yàrá, mo dùbúlẹ̀, mo kọjú sí ògiri. Ní ọjọ́ kejì ni Ìyá Ríṣí kan ilẹ̀kùn.

"Kútọnu! Wọn ò rí ẹ níta látàná. Ṣé ara ẹ ò yá ni?"

Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó nu ọwọ́ tó kún fún ọṣẹ sára ìró rẹ̀.

"Màmá kan wà ní Òkòtà tí mo máa ń bá fọṣọ. Wọ́n ń palẹ̀ ilé wọn mọ́, wọ́n ń wá ẹni tó máa bá wọn fọ àwọn nǹkan ọkọ wọn tó di olóògbé. Wọn ò fẹ́ ẹni tẹ́nu ẹ̀ ń ṣe wéréwéré. Mo ní mo mọ ẹnì kan tí kì í sọ̀rọ̀ rárá." Ó wò mí. "Ìwọ ni mò ń sọ o. Dìde, lọ wẹ̀."

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Màmá Délé nìyẹn. Ilé wọn wà ládùúgbò kan tó yà kúrò ní Àgọ́ Palace, ilé tí ọ̀nà rẹ̀ dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ ara mi. Tíṣà ni Màmá kó tó fẹ̀yìn tì, ará Abẹ́òkúta ni. Ọkọ rẹ̀ ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ nídìí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Ó ti kú, Délé ọmọ wọn sì wà ní Kánádà, ó ní kí ìyá òun máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, kó má dá gbé mọ́. Wọ́n ti rí ẹni tó máa gba ilé. Ohun tó kù ni kí wọ́n kó ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò.

Màmá mú mi lọ sí yàrá kan, ó ṣí àpótí onígi kan. Rẹ́sà ló kún inú rẹ̀. Kì í ṣe irú èyí tí a máa ń fi fárùngbọ̀n tá a máa sọ nù. Irin ni wọ́n, àgbà ni wọ́n, wọ́n ti wà kí wọ́n tó bí èmi àti ìyá mi. Bíléèdì ẹlẹ́nu kan ni wọ́n ń lò, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn tí kò ṣe é tẹ̀. Èèyàn á ṣí orí rẹ́sà náà bí ẹni ṣí ìdérí àpótí kékeré, á ti bíléèdì síbẹ̀, á sì dé e padà.

"Gbogbo ìlú tí ọkọ̀ wọn bá ti gúnlẹ̀ sí ló ti máa ń wá wọn," Màmá sọ. "Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra góòlù fún ìyàwó wọn. Tèmi ń ra abẹ àwọn òkú òyìnbó bọ̀ wálé."

Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ládùúgbò náà, Ọ̀gbẹ́ni Káńmi, fẹ́ràn irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ó sì fẹ́ ra gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ohun tó ń béèrè ni pé kí wọ́n fọ̀ wọ́n, kí wọ́n sì sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe wà fún un láìfi nǹkan kan pa mọ́: èyí tó ṣì lè fárùngbọ̀n, èyí tó jẹ́ pé ó kàn dára láti máa wò, àti èyí tó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

"Ṣé o mọ nǹkan kan nípa abẹ?" Màmá bi mí.

"Onígbàjámọ̀ ni bàbá mi, mà."

Bí mo ṣe sọ ọ́, ó ya èmi fúnra mi lẹ́nu. Mi ò tíì dárúkọ bàbá mi fún ẹnikẹ́ni ní Èkó rí.

Rẹ́sà àkọ́kọ́ tí mo mú jáde dúdú bí ìdí ìkòkò, nǹkan aláwọ̀ ewé sì ti hù sí igun rẹ̀. Mo fọ̀ ọ́ díẹ̀, ẹ̀rù bà mí, mo gbé e kalẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìdọ̀tí, ó yẹ kó kúrò. Bí ó bá jẹ́ pé irin ló ti jẹ, tí mo bá ń fi agbára ha á, èmi ni màá bà á jẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, mo pe ilé.

"Ìyá mi, ẹ bá mi bi Bàbá: bí irin bá dúdú, báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ bóyá ìdọ̀tí ni àbí ìpẹtà ti jẹ ẹ́?"

"Irin kín ni?"

"Abẹ ni. Abẹ òyìnbó."

Mo gbọ́ tó ń tún un sọ. Ìró awọ yẹn dáwọ́ dúró. Ohùn kan wá láti ọ̀nà jíjìn, ohùn tí mi ò gbọ́ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé.

"Kín ló ń fi abẹ ṣe?"

"Ó ní kín lo ń fi abẹ ṣe," ìyá mi wí.

"Ẹ sọ fún wọn pé iṣẹ́ mi ni. Abẹ àtijọ́ ni mò ń yẹ̀ wò."

Adìyẹ kan ké. Lẹ́yìn náà bàbá mi pariwo, bí ẹni pé ó fẹ́ kí ohùn rẹ̀ gba orí ilẹ̀ dé Èkó láìfọwọ́ kan fóònù: "Sọ fún un kó fi èékánná ha á! Bí èékánná bá kọ́, ìpẹtà ti jẹ inú rẹ̀. Bó bá ń yọ̀ lọ, ìdọ̀tí ni!"

"Ó ní kó o fi èékánná..."

"Mo gbọ́, Ìyá mi."

"Kò gbọdọ̀ fi iyanrìn fọ̀ ọ́ o! Kò sì gbọdọ̀ sè é lórí iná!"

"Ó ní o ò gbọdọ̀..."

"Gbé e wá," bàbá mi wí. Nǹkan ń ha fóònù, mo sì ń gbọ́ èémí rẹ̀. "Ìwọ. Ta ní gbé abẹ lé ọ lọ́wọ́?"

"Màmá kan ni, Bàbá. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ̀ nípa rẹ̀."

"O sì ní o mọ̀?"

"Mo ní ẹ̀yin ni bàbá mi."

"Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ," ó wí. "Búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó ni kó o fi fọ̀ ọ́. Kó o nu ún gbẹ lójú ẹsẹ̀." Ó gbé fóònù padà fún ìyá mi láìkí mi pé ó dàbọ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo fi fóònù náà sí àyà, gbígbóná rẹ̀ sì ń wọ̀ mí lára.

Láti ìgbà náà, tí mo bá ti pe ilé, òun ló máa ń gbé e. Ọ̀rọ̀ abẹ nìkan la máa ń sọ. Kò bi mí ibi tí mò ń sùn, kò bi mí bóyá inú mi ń dùn. Á ní, "Báwo lorí rẹ̀ ṣe rí? Ṣé ó dé dáadáa?" Màá sọ fún un. Àwọn abẹ tí kò fojú rí rí láyé rẹ̀ ni mò ń júwe fún un, òun náà sì ń wò wọ́n lọ́kàn rẹ̀. Inú mi máa ń dùn tí mo bá pè é, inú mi sì máa ń bàjẹ́ tí mo bá pa fóònù. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀. Ó dà bíi kí èèyàn jókòó ti baba rẹ̀ nínú yàrá, kí aṣọ títa wà láàárín wọn.

Nígbà tó yá, ọwọ́ mi mọ iṣẹ́ náà. Màá ṣí orí rẹ́sà, màá dé e, màá tẹ́tí sí bó ṣe ń ró. Èyí tó bá ró kẹ́rẹ́, sípíríǹgì rẹ̀ ṣì dára. Èyí tó bá dé láìdún, ó ti rẹ̀ ẹ́. Màá wo àwọn irin kéékèèké méjì tó máa ń di etí bíléèdì mú, nítorí bí ọ̀kan bá ti kán, bíléèdì á yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á sì gé ẹni tó ń lò ó. Màá fi bíléèdì sí i, màá gbé e sókè sójú fèrèsé, màá wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ tó ń gba àárín wọn kọjá bára mu lọ́tùn-ún àti lósì. Bí rẹ́sà bá ti já bọ́ sílẹ̀ rí, ibẹ̀ ni yóò ti hàn.

Ohun tí mo máa ń wò pẹ́ jù ni ọwọ́ àwọn rẹ́sà náà, ibi tí èèyàn ti ń dì wọ́n mú. Idẹ ni wọ́n, wọ́n wá fi nǹkan dídán bíi fàdákà bo idẹ náà. Lára ọ̀pọ̀ wọn, fàdákà yẹn ti ṣí níbì kan, idẹ sì ti yọjú, lójú ibi tí àtàǹpàkò ọkùnrin kan máa ń wà láràárọ̀. Mo máa ń fi àtàǹpàkò tèmi síbẹ̀. Ọkùnrin tí mi ò mọ̀, ní ìlú tí mi ò mọ̀, tí kò gbọ́ orúkọ Òkòtà títí ó fi kú. Àbùkù ni fún ẹni tó fẹ́ rà á. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà, pé àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí. Ṣùgbọ́n mi ò gbà lọ́kàn mi pé àbùkù ni.

Màmá Délé máa ń jókòó tì mí. Níbẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ nínú àwa méjèèjì. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í po tíì fún mi. Ọjọ́ kan, mo gbàgbé ara mi, mo pe kànìnkànìn ní orúkọ tí a ń pè é nílé wa. Mò ń retí ẹ̀rín.

"Kí lo pè é?" ó béèrè.

Mo tún un sọ, ohùn mi ti lọ sílẹ̀. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ pè é wò, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. "Ìyá ìyá mi ló máa ń pè é bẹ́ẹ̀," ó wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn." Nígbà tí mò ń lọ sílé lọ́jọ́ yẹn, ara mi fúyẹ́.

Ó ku díẹ̀ ká parí nígbà tí Màmá mú rẹ́sà kan wá láti ilé ìwẹ̀. Kò sí nínú àpótí pẹ̀lú àwọn yòókù. Ó ní, "Èyí ló fi ń fárùngbọ̀n ní tirẹ̀. Fọ òun náà." Nínú gbogbo wọn, kò sí èyí tó bàjẹ́ tó o. Ọwọ́ rẹ̀ ti là láti òkè dé àárín. Ọ̀kan nínú àwọn irin tó ń di bíléèdì mú ti kán. Ìdérí rẹ̀ kò dé délẹ̀ mọ́. Mo ti bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́, mo ti mú búrọ́ọ̀ṣì dání, kí n tó ṣí i.

Ọṣẹ gbígbẹ ló wà nínú rẹ̀, ó ti le bí ẹfun. Nínú ọṣẹ náà, irun kéékèèké funfun wà níbẹ̀.

Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan kan."

Ó fi awò rẹ̀ sójú. "Kí ni? O ti ṣẹ́ ẹ ni?"

"Rárá, mà. Irùngbọ̀n wọn ló wà níbẹ̀."

Ó gba rẹ́sà náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e lọ sójú fèrèsé. Mo rò pé ó máa sunkún, kò sunkún.

"Ó ti funfun tó báyìí," ó wí. "Mi ò mọ̀. Kí n tó jí ló máa ń fá a. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi, mi ò jí bá irùngbọ̀n lójú ẹ̀ rí." Ó fi ìka kan súnmọ́ irun náà, kò fọwọ́ kàn án. "Ó ń fi í pa mọ́ fún mi ni."

Ó ní kí n da omi yẹn nù.

Ọ̀gbẹ́ni Káńmi wá ní ọjọ́ Sátidé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì oúnjẹ, mo ń gbé rẹ́sà fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń sọ bó ṣe wà. Ó ń gbà á gbọ́, ó sì ń tún un wò fúnra rẹ̀. Ọ̀kan wà tí mo ní kò ní àbùkù kankan. Ó tú ọwọ́ rẹ́sà náà kúrò lára orí rẹ̀, ó pè mí, ó fi ìlà tín-ín-rín kan hàn mí nínú ibi tí wọ́n ti ń lọ́ ọ, ibi tí mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n wò. Mo tọrọ gáfárà. Ó ní, "Kò sí wàhálà, àǹtí. Èmi náà ti ra irú ẹ̀ rí, mi ò rí i títí mo fi délé."

Nígbà tí a parí, ojú rẹ̀ lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí Màmá gbé rẹ́sà ọkọ rẹ̀ sí.

"Èyí ńkọ́?" Ó dìde, ó mú un, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Mà, ẹ ò sọ fún mi pé èyí wà níbí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá a. Nínú gbogbo ohun tí bàbá kó jọ, kò sí èyí tó ṣọ̀wọ́n tó o." Ó kọjú sí mi. "Kọ́ndíṣọ̀n ẹ̀ ńkọ́?"

Mo sọ ọ́ bó ṣe rí: ọwọ́ tó là, irin tó kán, ìdérí tí kò dé.

"Gbogbo ìyẹn ló ní àtúnṣe. Wọ́n kàn máa fọ̀ ọ́ dáadáa ná ni."

Délé ti sọ fún Màmá lórí fóònù, lójú mi, pé kó má kó ẹrù wá, pé yàrá tí àwọn ní kò tóbi, kó ta ohun tó bá ṣe é tà. Ó sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ó ti gbà. Ó jókòó, ó ń yí òrùka ìka rẹ̀, ó wá gbójú sókè sí mi.

"Ìwọ ọmọ yìí. Nínú gbogbo wa níbí, ìwọ nìkan lo ti sọdá ààlà kúrò nílé rí. Tó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́?"

Mi ò ro ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Bó ṣe wà lọ́kàn mi ló ṣe jáde, pẹ̀lú ohùn Kétu.

"Mà, níbí, tẹ́ ẹ bá jáde lọ ra búrẹ́dì, ẹni tó ń tà á mọ Bàbá. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì mọ Bàbá. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé wọn fún ọjọ́ kan, ẹlòmíràn máa bá yín rántí. Níbi tẹ́ ẹ̀ ń lọ yẹn, ẹ̀yin nìkan lẹ máa mọ̀ pé wọ́n wà láyé rí. Délé á lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀yin nìkan lẹ máa wà nílé. Ó wúwo, mà. Èèyàn kò lè fọwọ́ lásán gbé e. Ẹ mú nǹkan kan dání."

Ọ̀gbẹ́ni Káńmi wo rẹ́sà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọra gbé e síwájú Màmá.

"Ẹ máa mú un lọ, mà. Èmi á ṣì máa wá tèmi." Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àpótí náà, ó yíjú padà. "Ẹ má fi bíléèdì sínú ẹ̀ o, kí wọ́n má baà gbà á lọ́wọ́ yín ní ẹ́ápọ́ọ̀tù."

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò rántí ìgbà tí mo ti rẹ́rìn-ín pẹ̀lú èèyàn kẹ́yìn, láìjẹ́ pé èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, Màmá lọ bá Délé. Ọ̀gbẹ́ni Káńmi ń gbé iṣẹ́ wá fún mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, rẹ́sà tó bá rà láàárín ẹrù àlòkù, aago ògiri, síbí àtijọ́. Ìyá Ríṣí yọ̀ǹda igun kan fún mi ní ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ tó ń tún aago ṣe. Mo ṣì ń dá jẹun. Nígbà tí àsìkò òjò ń parí lọ, Màmá pè mí láti Kánádà.

"Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì mi ò yé wọn," ó wí. "Èmi tí mo fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan, ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ, ó rẹ́rìn-ín."

Mo ní, "Ṣé ẹ ti jẹun, mà?"

"Mo ti jẹun."

"Ṣé ara le?"

"Ara le."

Mo ń tẹ́tí sí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí adìyẹ, kò sí jẹnẹrétọ̀, kò sí ohùn ẹnikẹ́ni. Mi ò pa fóònù. Òun náà kò pa á.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo lọ sí Kétu. Ìyá mi dì mọ́ mi, ó ń pe oríkì mi. Àwọn ará ilé pé lé mi lórí, wọ́n ní mo ti sanra, wọ́n ní mo ti di ará Èkó, pé kí n sọ̀rọ̀ kí àwọn gbọ́. Mo wo òkè èjìká wọn, mò ń wá bàbá mi.

Ó wà níwájú ilé, lórí àga rẹ̀, abẹ àti awọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi kò sọ fún mi. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n débi pé abẹ ń lu awọ náà bí òjò tó ń kán sórí páànù. Kò sẹ́ni tó ń fi orí fún un fá mọ́. Láti ìgbà wo? Ìyá mi ní ó ti pẹ́. Gbogbo ọjọ́ Àìkú tí mò ń gbọ́ ìró yẹn lórí fóònù, tí wọ́n ń sọ fún mi pé ó ń ṣiṣẹ́, kò sí oníbàárà kankan níwájú rẹ̀.

Irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún gbogbo ojú rẹ̀, ó sì ti lọ́. Ìyá mi ní kò gbà kí onígbàjámọ̀ mìíràn fọwọ́ kàn án.

Mo pọn omi, mo mú ọṣẹ. Mo jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀, mo gba abẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo gbé e sójú òòrùn, mo wò ó láti ìdí dé orí, mo fi èékánná tọ́ ọ wò. Ó ń wò mí, tàbí ó ń wo ibi tí ohùn mi wà.

"Báwo ló ṣe rí?" ó béèrè.

"Ó dára, Bàbá. Kò ní àbùkù."

Ó mi orí. Mo fi ọṣẹ pa ojú rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ etí. Awọ ojú rẹ̀ ti rọ̀, mo ní láti fi ìka fà á kí abẹ tó lè kọjá. Ẹ̀ẹ̀kan ni ó ní, "Má tẹ̀ ẹ́," mo sì jẹ́ kí ọwọ́ mi fúyẹ́. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó wá kí mi ti dákẹ́, àwọn mìíràn ti lọ.

Mo ti fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan tán, mo ń nu abẹ, nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Ọjọ́ wo lo ń padà sílé?"

Mo kọ́kọ́ rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Mo wo ojú rẹ̀. Kò bínú, kò sì fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ó kàn béèrè bí èèyàn ṣe ń bi àlejò rere, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí wọ́n á múra nǹkan tó máa mú lọ sílẹ̀. Èkó ló ń pè nílé mi.

Mo ti abẹ bọ omi, mo gbé e jáde, mo tún tì í bọ omi. "Ọjọ́ Ẹtì, Bàbá."

"Ó dáa," ó wí. "Rọra níbi ọ̀fun." Ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó na ọrùn rẹ̀ fún mi.